Okùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Amẹ́ríkà kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó wá. Ẹja ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nítòsí ilé tí mo wọ̀ sí ní Adelphi, mo ní kí n ra ẹja tí màá fi se ọbẹ̀. Ohun tí mo rí ni ẹran funfun pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sínú ike, tí wọ́n fi ọ̀rá bò lójú. Kò ní orí, kò ní ìrù, kò ní egungun. Ọmọ apẹja ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ojú ẹja là ń wò ká tó rà á. Bí ojú bá mọ́, ẹja òní ni. Bí ojú bá ti ṣe bàìbàì, ẹja àná ni, kí o máa bá tìẹ lọ. Mo dúró níwájú àwọn ike yẹn, mi ò mọ ibi tí màá wò. Mo ra ẹyin, mo lọ sílé.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Ìwé mi kò pọ̀. Ó ku ọdún kan kí n parí ẹ̀kọ́ girama ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọn ò rí owó san, èmi ni mi ò lè jókòó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ lẹ́nu yín.

Bàbá mi kì í fi àwọ̀n pẹja. Okùn àti ìwọ̀ ni tirẹ̀. Okùn ọ̀rá ni, èyí tó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, tó máa ń mọ́ gaara bí omi nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Tirẹ̀ ti pẹ́ débi pé àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ara igi pẹlẹbẹ kan ló ń ká a sí. Bí ẹja ńlá bá gbé e, bàbá mi á wé okùn náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, á wá máa bá ẹja náà ṣeré, á fà, á dẹ̀ ẹ́, á tún fà. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi pé ó dìgbà. Bàbá mi jáde sí wa, ó mú igi pẹlẹbẹ kan dání tó ti ká okùn sí, ó ní, "Gba èyí. Omi ò ní ṣàì sí níbi tó ò ń lọ."

Mo wo okùn náà, mo wo àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rá yìí náà ni kí n gbé dé Amẹ́ríkà? Ọ̀rá tí kò kọ́lé fún yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìdí okùn ti tú sílẹ̀ lára igi náà, ó rọra ká a padà, ó sì gbé e wọlé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọkùnrin níbi kan, ẹ̀yìn bàbá mi tó ń wọlé lọ ni mò ń rí.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover. Páálí á máa ṣàn lórí ẹ̀rọ bí odò níwájú mi, màá tan iná ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka àmì ara rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà á ké pín-ín, màá gbé e sórí ẹ̀rọ kejì. Wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Èmi àti ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún mi ṣe oṣù mẹ́ta pọ̀ kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ariwo ẹ̀rọ ni kì í jẹ́ ká gbọ́ra, bí àkókò oúnjẹ bá sì tó, kálukú á dojú kọ fóònù rẹ̀.

Nílé, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kí n má bàa kí àwọn àgbààgbà tó jókòó síwájú ilé, torí pé ìkíni wọn kì í tán. Ní Adelphi, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa láàárọ̀ kí n lè rí ẹni kí. Àwọn kan á dáhùn. Àwọn kan á wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Obìnrin kan láti Èkó tó ń gbé ní òkè wa nìkan ló máa ń dúró, òun náà kì í pẹ́, torí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe.

Mo sọ fún àwọn ará ilé pé ọ́fíìsì ni mo wà. Mo ní kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀. Irọ́ náà kò tóbi lójú mi nígbà yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé iná tí mò ń tàn sí páálí yẹn, kọ̀ǹpútà kékeré náà ni.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìsinmi mi, mi ò sì mọ ibi tí mò ń lọ. Mo kàn fẹ́ jókòó síbi tí nǹkan ti ń kọjá lójú fèrèsé. A dé apá Bowie, mo rí omi láàárín igi, mo bọ́ sílẹ̀. Adágún omi kan ni, kò tóbi. Àwọn èèyàn jókòó yí i ká lórí àga alágbèéká, wọ́n mú ọ̀pá ìpẹja dání. Ẹnì kankan kò pariwo. Òórùn omi náà, ti ewé tó rà àti ẹrẹ̀, wọ imú mi, ojú mi sì kún fún omijé láìròtẹ́lẹ̀. Mo pe bàbá mi.

"Wọ́n ń pẹja níbí, Bàbá."

"Irú ẹja wo?"

"Krápì ni wọ́n ń pè é. Ó rí pẹlẹbẹ bí epìyà, ara rẹ̀ ní tóótòòtóó dúdú. Wọ́n á mú un tán, ẹlòmíì á tún dá a padà sómi."

"Dá a padà kẹ̀? Kí ni ẹja náà ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn fi ń ṣeré ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Wọ́n yó," ló wí. "Àwọn èèyàn yẹn yó gan-an ni."

Ó ti pẹ́ tí mo ti mú bàbá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló mú mi pinnu pé màá ra ọ̀pá, màá gba láísẹ́ǹsì ìpẹja, màá máa rí nǹkan sọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì tún pinnu ohun kejì. Mo ní màá fi okùn tó dára ju tirẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ kí okùn náà bá mi bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, kí èmi fúnra mi má ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu.

Bàbá aláwọ̀ funfun kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìpẹja. Ó bi mí pé ẹja wo ni mo fẹ́ pa, mo ní krápì. Ó na ọwọ́ sí okùn ọ̀rá, irú ti bàbá mi gẹ́lẹ́, àyàfi pé ó tín-ín-rín jù ú lọ. Mónò ni wọ́n ń pè é. Lókè rẹ̀ ni okùn mìíràn wà, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun pọ̀ bí irun orí obìnrin. Bíréèdì ni wọ́n ń pè é. Ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ọkùnrin méjì sì lè fi fa ara wọn kó má já. Òun ló wọ́n jù.

Mo bi bàbá yẹn pé èwo ló lágbára jù. Ó ní bíréèdì ni, ṣùgbọ́n ó tún na ọwọ́ sí ọ̀rá, ó mi orí, ó ń sọ nǹkan nípa ẹnu ẹja. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yá jù fún mi. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi. Mo rò pé aṣọ náà ló wò tó fi ń darí mi sí èyí tó pọ́ọ́kú. Mo ní tèmi ni bíréèdì. Mo mú méjì.

Obìnrin òkè wa ló ń lọ sí Èkó lóṣù yẹn. Ó bá mi gba ọ̀kan láti mú un dé Ẹ̀pẹ́, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Kí n tó fún un, mo fi báírò kọ ọ̀rọ̀ sára páálí okùn náà. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni: Bàbá, ẹ ju ọ̀rá yẹn nù.

Okùn náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bàbá mi pè mí, ó ṣàdúrà fún mi títí owó fóònù rẹ̀ fi tán. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti bi í pé okùn yẹn ńkọ́, ohun kan náà ló máa ń sọ. "Okùn rẹ dára. Okùn rẹ le." Lẹ́yìn náà, á bi mí nípa òtútù, á bi mí nípa oúnjẹ, á sọ ti òjò fún mi, á ní ìyá mi ń kí mi. Mo gbádùn àwọn ìpè yẹn gan-an. Mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀ kí n máa rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níléèwé.

Èmi pẹ̀lú okùn tèmi kò rọgbọ. Mo máa ń mọ̀ pé ẹja ti gbé e. Okùn yẹn kì í fi nǹkan pamọ́ fúnni, bí ẹja bá mí sí ìjẹ lábẹ́ omi, ìka rẹ á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fà á, á wúwo díẹ̀, lẹ́yìn náà á fúyẹ́, ìwọ̀ á jáde lófìfo. Báyìí ló rí fún oṣù mélòó kan. Àwọn tó yí mi ká ń mú tiwọn. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń gbé kúlà òfìfo wọ bọ́ọ̀sì padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bá ẹja sọ Yorùbá.

"Máa bọ̀, ọkọ mi. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń lé ẹ?"

Mo yíjú. Obìnrin kan ni, ó lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ aṣọ búlúù àwọn nọ́ọ̀sì, ó da ṣúwẹ́tà lé e. Ó rọra gbé krápì kan sókè tó gbòòrò tó abọ́, ó jù ú sínú kúlà. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí koríko yẹn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó wò mí. "Háà. Ọmọ ibo?"

"Ẹ̀pẹ́ mà."

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló ń fa ẹja bí ẹni ń fa màlúù lọ sí odò ẹran yìí? Mo ti ń wò ẹ́ láti ààrọ̀. Mo rò pé ará òkè ọya ni ẹ́."

Àǹtí Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, Fairwood ló ń gbé. Tó bá ti parí ṣíìfù alẹ́ ní ọsibítù, etí omi ló kọ́kọ́ máa ń wá kó tó lọ sùn. Ó ní bí òun bá gba ilé lọ tààrà, igbe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ aláìsàn kì í jáde létí òun. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń bá ẹja sọ̀rọ̀.

"Àwọn ọmọ mi kì í dá mi lóhùn ní Yorùbá," ló wí. "Ẹja náà kì í dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n òun kì í fi Gẹ̀ẹ́sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Jẹ́ kí n rí okùn ẹ."

Ó fi ìka méjì fa okùn mi, ó mi orí. Ó ṣí kúlà rẹ̀, ó gbé krápì kan, ó ya ẹnu rẹ̀, ó gbé e síwájú oòrùn. Mo rí ìmọ́lẹ̀ gba inú awọ ẹnu rẹ̀ kọjá.

"Ṣó o rí i? Tákàdá ni. Bíréèdì yìí kì í nà rárá. Bó o bá ṣe fà á tó níbí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dé ẹnu ẹja lọ́hùn-ún. Ẹnu á ya, ẹja á lọ. Ọ̀rá ní tiẹ̀ á nà díẹ̀, á gbà fún un. Ẹja á rò pé òun ṣì láyè."

"Ṣùgbọ́n èyí ló lágbára jù mà."

"Ta ló béèrè agbára? Ẹja tí kò tó bàtà mi?" Ó dá krápì náà padà sínú kúlà. "Bíréèdì ò burú. Bó o bá ń bá ẹja ńlá jà láàárín koríko, òun ló dáa. Àmọ́ ẹja tó o bá fẹ́ mú ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó wo okùn."

Mo dúpẹ́, mo ju ìwọ̀ mi padà sómi nítorí ìtìjú. Ó há mọ́ igi kan lábẹ́. Mo fà á, kò jáde. Mo ṣe ohun tí mo ti rí láti kékeré. Mo wé okùn náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi kí n lè rí agbára fà á.

"Tú u."

Kò pariwo. Ohùn nọ́ọ̀sì ló fi sọ ọ́, ohùn tí kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú u. Okùn náà ti fi ilà pupa tín-ín-rín yí ọwọ́ mi ká.

"Má wé bíréèdì mọ́ ọwọ́ ẹ láéláé. Mo ti tọ́jú ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọ̀bẹ ni."

"Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn mà. Ọwọ́ ló fi ń pẹja."

"Okùn wo ló ń lò?"

"Ọ̀rá," ni mo wí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo jókòó sórí kúlà mi. "Ọ̀rá ni tẹ́lẹ̀ mà. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ó ti tó oṣù mẹ́rin."

Àǹtí Ṣadé gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. "Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ó sọ pé òun mú ẹja?"

Mo rò ó. Òjò ló sọ. Ó ní ìyá mi ń kí mi. Mo padà sẹ́yìn dé ìpè tó ṣáájú ìyẹn, àti èyí tó tún ṣáájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti dárúkọ ẹja kan fún mi, èmi tí mò ń bi í ní okùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Pè é," ni Àǹtí Ṣadé wí. "Kó o pè é lórí fídíò."

Àbúrò mi obìnrin, Risi, ló gbé fóònù. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ó gbé fóònù náà lọ bá bàbá mi lábẹ́ igi àgbọn níwájú ilé. Bàbá mi fi aṣọ bo itan, inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Àǹtí Ṣadé tẹrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ojú rẹ̀ lè hàn.

"Ẹ káàsán sà. Èmi àti ọmọ yín la jọ ń pẹja níbí."

Ẹni tó mọ bàbá mi mọ̀ pé ìkíni kì í kọjá lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ kú àbójútó."

Ọwọ́ òsì ni.

Bàbá mi. Ẹni tó nà mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà torí pé mo fi ọwọ́ òsì gba ife lọ́wọ́ àlejò. Àǹtí Ṣadé wò mí, mo sì wò ó.

"Ẹ má bínú sà," ló wí. "Ọwọ́ ọ̀tún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kí òun náà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Òun ò mọ èèyàn kí. Ojú ń tì í." Ó fẹ́ bi mí nípa òtútù. Ìyá mi ló ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sínú àwòrán náà. "Ó tó gẹ́ẹ́," ló wí. "Ọmọ ti rí i. Ẹ fi hàn án." Ó ká aṣọ kúrò lórí itan rẹ̀.

Àpá náà gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó dán, ó sì pọ́n. Ìka méjì, èyí tó gùn jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, dúró gbọnrangandan. Ìyá mi ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo okùn mi, ẹja ọ̀bọ̀kún ńlá kan gbé e. Ó wé okùn mọ́ ọwọ́ bó ṣe ti ń wé e láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọ̀rá ì bá nà, ì bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi kò nà, kò yọ̀, kò já. Ó gé e dé iṣan. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà ní ọsibítù, ó san, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò tẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Bàbá mi ló dáhùn. "Okùn náà dára. Irọ́ wo ni mo pa? Ó dára, ó le. Inú rẹ ń dùn. Ibi tó o wà jìnnà, kí lo fẹ́ fi ìròyìn ọwọ́ ṣe?"

Àǹtí Ṣadé gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí wọ́n fi ìka rẹ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó gbìyànjú, kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n padà sí ọsibítù, kí wọ́n béèrè àwọn tó ń kọ́ ẹ̀yà ara ní iṣẹ́ padà, ó sì sọ bí wọ́n ṣe máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe é láàárọ̀. "Mi ò ní tàn yín sà," ló wí. "Ọ̀kan lè tẹ̀ díẹ̀. Ìkejì, mi ò mọ̀."

"Ẹ ṣeun," ni bàbá mi wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò tàn mí."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, níwájú àwọn páálí. Ẹja inú ike tó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́sí, irú rẹ̀ náà ni ìròyìn tí mò ń gbà láti ilé. Wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kó má baà gún mi lọ́fun. Mo sì ń jẹ ẹ́, mò ń sọ pé ó dùn. Èmi náà, irú rẹ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́: ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà. Ìfẹ́ ni gbogbo wa fi ń gé orí ẹja náà kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é pẹ́, ilé kan á wà ní Ẹ̀pẹ́ tí mi ò mọ̀ mọ́, ọmọ kan á wà ní Adelphi tí wọn ò mọ̀, a ó sì máa pe ara wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé òkun ló mú mi jìnnà sílé.

Mo pè é lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan. Mo ní kí Risi gbé fóònù fún un kó sì máa lọ.

"Bàbá, mi ò sí ní ọ́fíìsì. Páálí ni mò ń gbé."

"Ṣé ó wúwo?"

"Àwọn kan wúwo."

"Máa fi orúnkún gbé e. Má fi ẹ̀yìn."

Mo ní, "Mo wá bẹ̀ yín. Nítorí ọwọ́ yín."

"Ṣé ìwọ lo wé e mọ́ mi lọ́wọ́? Èmi ló yẹ kí n wo okùn tuntun dáadáa kí n tó finú tán an. Mo ti pẹ́ lórí omi ju ìyẹn lọ."

"Nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ náà ni. Lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Mo rò pé á ní òun kò rántí. Ìyẹn ni àwọn àgbà máa ń sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí," ló wí. "Nígbà tó o fi okùn ránṣẹ́, mo ní, à á, ọmọ mi ti rò ó. Mo ka ohun tó o kọ sára rẹ̀, mo sì ṣe é."

"Kí lẹ ṣe?"

"O ní kí n ju ọ̀rá nù. Mo jù ú nù."

Lójú mi, igi pẹlẹbẹ yẹn ló kàn ń léfòó lọ lórí ọ̀sà, òun àti okùn aláwọ̀ tíì rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kí n sunkún díẹ̀, kò pa mí lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó tó. Lọ fọ ojú rẹ. Bí o bá rí ọ̀rá tó dára níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Má kọ nǹkan kan sára rẹ̀."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá aláwọ̀ funfun náà kò rántí mi. Mo na ọwọ́ sí mónò tó fi hàn mí lọ́jọ́sí, mo ra tín-ín-rín fún krápì, mo ra èyí tó nípọn fún ọ̀bọ̀kún. Ó ní mo mọ̀ ọ́n yàn. Àǹtí Ṣadé ló rí ẹni tó ń lọ sílé nínú ìjọ wọn tó gbé e.

Ọwọ́ bàbá mi kò tíì padà bọ̀ sípò. Ìka tó gùn jù ti ń tẹ̀ dé àárín. Èkejì ò tẹ̀, n kò sì rò pé yóò tẹ̀ mọ́. Risi ló ń wa ọkọ̀ ojú omi fún un báyìí, ó sì ní bàbá kì í jẹ́ kí òun simi, pé ọwọ́ ni okùn gé, kì í ṣe ẹnu.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé fóònù sórí kúlà létí omi, mo pe bàbá mi lórí fídíò. Àǹtí Ṣadé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú aṣọ búlúù rẹ̀, ó ń tòògbé lórí àga. Mo ti ká ọ̀rá tuntun sí ọ̀pá mi. Bọ́ọ̀lù pupa kékeré tó ń léfòó lójú omi mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó rì. Ọwọ́ mi ti ń sáré.

"Má fà á," ni bàbá mi wí láti Ẹ̀pẹ́.

"Ó ti gbé e, Bàbá."

"Mo ní ojú. Jẹ́ kó máa lọ. Dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó dáa. Rọra gbé e báyìí, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn."

Mo rọra gbé e. Mo gbọ́ bí okùn náà ṣe ń nà, tó ń gbà fún un, tí kò sì jẹ́ kó lọ. Krápì náà wá sí ọwọ́ mi, ó fẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ya. Mo gbé e sún mọ́ fóònù.

"Yí orí rẹ̀ sí mi," ni bàbá mi wí. Mo yí i. Ó wo ojú ẹja náà fún ìgbà díẹ̀. "Ojú rẹ̀ mọ́."

Àǹtí Ṣadé ti jí. Ó tẹrí síwájú fóònù, ó ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ kú oríire ọmọ."

Bàbá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi kí i. Ìka kan tẹ̀ dé àárín, ìkejì dúró gbọnrangandan. Kò fi pamọ́.

"Ṣé o máa dá ẹja yẹn padà sómi," ló bi mí, "bí àwọn èèyàn rẹ tó yó yẹn?"

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "A máa jẹ ẹ́ tòun ti orí rẹ̀."